Ọkọ̀ Méjì Tí Lọ́yà Lájídé Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kìíní, ọdún 2025

Àǹtí Rónkẹ́ Lájídé pè mí láti Ìyàrá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti sin Lọ́yà Samuel ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ti pín ilé, wọ́n ti pín oko, ó wá ku ọkọ̀ òyìnbó méjì tó wà lábẹ́ páánù lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin kan láti Àbújá fẹ́ kó méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n Lọ́yà ti sọ kó tó kú pé ọmọ John mẹ́káníìkì ni kó kọ́kọ́ mú ọ̀kan, kó san iye tí agbára rẹ̀ bá ká. Èmi nìkan ló kù tó ń jẹ́ ọmọ John mẹ́káníìkì.

Ó ní kí n wá wò wọ́n lọ́la, kí n sì fún òun lésì kí oṣù kejì tó dé ìdajì. Mo ní ẹ ṣeun, Àǹtí. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ wọ ẹ̀wù òtútù. Cecilia ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé, mo ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ mú lóòótọ́, ètè gbogbo wa ló ti là.

Ìṣẹ́gun, 14

Ọlọ́kadà gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́wọ́ mi láti Kàbà dé Ìyàrá. Mo bá a jà, mo sì san án. Tí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹnu nìkan ló kù tó lè fi jà.

MG ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí òun ni ojú ń fẹ́ wò. Aláwọ̀ ewé dúdú ni, èèyàn méjì péré ló ń gbà. Kò ní òrùlé irin, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, eku sì ti jẹ aṣọ náà tán. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣe é. Lọ́yà rà á nílùú ọba nígbà tó ń kọ́ òfin, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. Táyà ti jẹrà, ìjókòó ti fàya, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ náà kò bàjẹ́. Mo fi ọwọ́ yí fáànù iwájú ẹ́ńjìnnì, ó sì yí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí, mo ti jẹ́ ọ̀gá lórí iṣẹ́ ojú ọ̀nà ní Lọ́kọ́ja, àwọn kọngílá ti bẹ̀rù mi rí. Síbẹ̀, bí mo ṣe jókòó sí àyè awakọ̀ yẹn, ẹ̀rín ń pa mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì ni mo ti ń lálàá pé n óò wa ọkọ̀ yẹn kọjá níwájú ààfin ní Kàbà, kí gbogbo ayé máa wò mí.

Mi ò fẹ́ wo èkejì. Mo wò ó. Triumph pupa ni, èèyàn méjì lòun náà ń gbà. Iwájú rẹ̀ ti wọ inú bí ẹnu arúgbó tí kò léyín mọ́. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni àpáta ti gbá a. Ewúrẹ́ ti ń sùn nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àǹtí Rónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kò sún mọ́ wa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò tẹ̀ láti oṣù kejìlá ọdún 1980. Òun ló jókòó ti Philip ẹ̀gbọ́n mi nínú Triumph yẹn lọ́jọ́ tí Philip kú. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó wọn nígbà náà. Títí dòní kì í pè mí ní Bíọ́dún, Àbúrò Philip ló ń pè mí. Ó bi mí pé, "Àbúrò Philip, èwo lo mú?" Mo ní ẹ jẹ́ kí n ronú sí i. Ó ní tò, kò burú.

Àbámẹ́ta, 18

Mo mú Testimony, obìnrin mẹ́káníìkì kan ní Kàbà, lọ wò wọ́n. Ẹni tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń rò pé ó wá ta ìrẹsì fáwọn mẹ́káníìkì ni, ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin kan ní gbogbo gáréèjì Kàbà tó mọ ẹ́ńjìnnì tó o. Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ó ní ọmọ mẹ́ta.

Ó yẹ MG wò títí, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú eruku lórí. Ó ní tí mo bá lè rí táyà àti rọ́bà díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, á rìn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Triumph, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àlòkù irin ni eléyìí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní mo kàn ń wò ó ni.

Ìṣẹ́gun, 21

Kò sí ẹni tó ń ka ìwé yìí. Jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè mọ ohun tí mo ń yàn gan-an.

Inú ìgò ọtí òfìfo ni Baba máa ń rọ epo sí ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í kọ nǹkan kan sára wọn. Ìgò tó bá fi ṣùkù àgbàdo dí, ti bíréèkì ni. Èyí tó bá fi àkísà dí, ti jáàkì tí a fi ń gbé ọkọ̀ sókè ni. Gbogbo ọmọ ilé wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ A, B, D. Baba máa ń sọ pé epo jáàkì kò bá rọ́bà bíréèkì ọkọ̀ òyìnbó mu, pé yóò wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ọkọ̀ kò sì ní dúró mọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Kérésìmesì ku díẹ̀, ó ní kí n bu epo kún ti bíréèkì Triumph Lọ́yà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Mo fa ṣùkù àgbàdo yọ, ìgò ti gbẹ. Ó yẹ kí n rìn lọ sí ọjà lọ ra òmíràn, ṣùgbọ́n àwa àti àwọn ará Ògìdì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo fa àkísà yọ. Mo rọ ti jáàkì sí i. Baba bi mí, mo ní mo ti ṣe é. A gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé, àwọn ará Ògìdì kò gbá ìkankan.

Ní Àbámẹ́ta, Philip gbé ọkọ̀ náà láti Ìyàrá, òun àti Àǹtí Rónkẹ́, wọ́n ń bọ̀ ní Kàbà wá ra aṣọ ìgbéyàwó. Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn Ekinrin-Adde, ọkọ̀ kò dúró.

Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní páìpù bíréèkì kan ni wọn kò dè le, gbogbo epo ti jò dànù. Baba ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun dè é, ọwọ́ òun ló ṣẹ̀. Kò gbé sípánà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba oko lọ, ó ń gbin iṣu títí ó fi kú ní ọdún 2003. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n ní ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti ń sá kiri láàárín méjì. Lọ́jọ́ tó bá dára, mo máa ń sọ pé páìpù ni. Lọ́jọ́ tí kò bá dára, mo mọ̀ pé epo ni. Ẹ wo irú ọmọ tí mo jẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ń gbàdúrà pé kó jẹ́ baba mi ló pa ẹ̀gbọ́n mi.

Rọ́bà náà ṣì wà nínú ọkọ̀ yẹn. Bó bá wú, èmi ni. Bí kò bá wú, Baba ni.

Àìkú, 26

Pásítọ̀ wàásù títí oorun fi gbé ìdajì ìjọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún Cecilia bí a ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun kò mọ ohun tí bàbá àgbàlagbà fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò lórùlé ṣe, pé tí òjò bá dé ṣé agbòòrùn lòun máa máa dì mú lé mi lórí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ní tí mo bá gbé ti aláwọ̀ ewé wálé, kí n kọ́kọ́ fi òun rìn yípo ìlú kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ rí òun.

Lẹ́yìn náà ó dúró lójú ọ̀nà. Ó ní, "Baba Pẹ̀lúmi, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ọkọ̀ tó pa ọmọ ilé yìí kò gbọdọ̀ wọ ọgbà mi." Mo ní ta ló sọ̀rọ̀ ìyẹn.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kejì

Kajú ti ń já sílẹ̀ lóko. Àwọn tó ń rà á ti wọ̀lú, wọ́n ń purọ́ iye owó fún àwọn ìyá arúgbó. Mo lọ wo tèmi ní Ekinrin-Adde, mo sì sọ fún ara mi pé oko nìkan ni mo ń lọ. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo ní kí ọlọ́kadà sọ̀ mí kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Àpáta náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti lẹ ìwé òṣèlú mọ́ ọn lára. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, kò sí ẹnì kankan. Mo gbọ́ súfèé Philip. Bó ṣe máa ń súfèé tó bá ń bọ̀ wálé kí Ìyé, ìyá wa, lè bu oúnjẹ rẹ̀, ohùn mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn ń lọ sókè. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹyẹ lè jẹ́, mi ò mọ ẹyẹ kan tó ń ké bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Kàbà, mi ò dúró de ọ̀kadà kankan.

Ìṣẹ́gun, 4

Ará Àbújá fi fóònù pè mí. Ó rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé MG ni mo máa mú, pé kò burú, òun á gba Triumph. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi èyí tó ti fọ́ ṣe. Ó ní òun á tú u palẹ̀, òun á kó ohun tó ṣì dára lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, òun á sì ta ìyókù fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Tí mo bá mú MG, mi ò ní mọ̀ láéláé. Wọ́n á yọ́ ẹ̀rí náà pọ̀ mọ́ ìkòkò. Lójú ẹsẹ̀ ni ara mi fúyẹ́, ìtìjú sì mú mi nítorí pé ara mi fúyẹ́.

Àìkú, 9

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní inú ń run mí.

Ọjọ́rú, 12

Mo kúrò nílé pẹ̀lú ìpinnu pé MG ni. Mo tilẹ̀ ti bá Testimony sọ̀rọ̀ táyà. Nígbà tí mo dé Ìyàrá, Àǹtí Rónkẹ́ ti ní kí wọ́n gbá ìdí ọkọ̀ méjèèjì, kí wọ́n lé ewúrẹ́ jáde. Ó gbé àga fún mi, ó gbé ọsàn fún mi. Ó bi mí, mo la ẹnu, Triumph ló jáde.

Ó wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní nítorí pé ọwọ́ Philip ló kẹ́yìn lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun ti rò pé kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ṣì ń rántí rẹ̀. Ó ní láti Ekinrin ni Philip ti ń sọ pé bíréèkì náà ń há, pé tí àwọn bá dé Kàbà, Baba á wò ó. Ó ní kí n má san kọ́bọ̀, kí n gbé e lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jẹ ọsàn rẹ̀. Olè pàápàá kò ní ojú tó le tó tèmi.

Ọjọ́ Ajé, 17

Lọ́rì gbé e dé ní aago mẹ́wàá. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Cecilia jáde, ó wò ó, ó wò mí. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó di aṣọ rẹ̀, ó lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Amuro. Ó ní tí mo bá ti gbé òkú náà kúrò nínú ọgbà, kí n ránṣẹ́ sí òun.

Ní ọ̀sán mo lọ ra gáàrì. Bí mo ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lọ́rì ará Àbújá kọjá pẹ̀lú MG lórí rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, àwọn ọmọ iléèwé ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo. Ó kọjá níwájú ààfin. Mo wò ó títí ó fi wọ kọ́nà. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20

Testimony dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé máásítà bíréèkì nìkan ni mo fẹ́ kó tú, ohun tí epo bíréèkì ń wọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa, ṣùgbọ́n mo ti san owó, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé ìpẹtà kò ní jẹ́ kó tú. Ó tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fa rọ́bà inú rẹ̀ yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Kò wú.

Ó ti le nítorí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n kò wú, kò rọ̀, kò bàjẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má bàa sẹ́ ẹ lọ́la: inú mi dùn pé Baba ló jẹ̀bi.

Testimony kò bá mi dúpẹ́. Ó ti gba rọ́bà náà padà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè sínú oòrùn, ó ń yí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde. Rọ́bà yìí ò tíì ṣiṣẹ́ rí. Tuntun ni wọ́n fi sí i. Epo ò kàn án lọ́jọ́ kan." Ó ní kí n wá wo bí irin tó gbé máásítà dúró ṣe wọ́ nígbà tí ọkọ̀ gbá àpáta. Ó wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bóòtù méjèèjì tó dè é gún gbọnrangandan. Ó ní bóòtù kì í gún nínú irin tó wọ́, àfi tí wọ́n bá fi í sí i lẹ́yìn tí irin ti wọ́. Ẹni tó ṣe é, lẹ́yìn ìjàǹbá ló ṣe é.

Ó wá fi ìka kan nọ́ọ̀tì páìpù. Ojú sípánà ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní kò dédé tú fúnra rẹ̀, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ tú u, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí, "Ta ló ń tún ọkọ̀ tó ti kú ṣe, tí á tún bà á jẹ́?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹtì, 21

Mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìjàǹbá, a kò tíì sin Philip, Baba gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìyàrá, níbi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Ìyé ké tẹ̀ lé e dé ojú ọ̀nà pé òkú ọmọ rẹ wà nílẹ̀, ọkọ̀ lò ń lọ wò. Kò wẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé, ó wẹ̀, ó jókòó ti òkú. Ìyé kò dárí èyí jì í títí tí òun náà fi kú. Èmi náà kò dárí rẹ̀ jì í. Mo rò pé ọkọ̀ Lọ́yà jẹ ẹ́ lógún ju ọmọ rẹ̀ lọ.

Ó ti wo ìgò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí èyí tí a fi ṣùkù dí pé ó gbẹ, ó rí i pé èyí tí a fi àkísà dí ti dín. Ó lọ yọ rọ́bà tó wú, ó fi tuntun sí i, ó tú páìpù, kí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ọkọ̀ wò lè rí ẹ̀bi tirẹ̀, kí wọ́n má baà rí tèmi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú, kò fẹ́ kí èkejì di apànìyàn lẹ́nu ayé.

Kò bi mí léèrè rí. Kò bú mi rí. Ó kàn ní kí n gbájú mọ́ ìwé mi. Ó gbin iṣu, ó fi rán mi lọ sí Sáríà. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí, ó dì mọ́ mi, ó ní mo ṣeun. Mo rò pé ó ń yìn mí nítorí ìwé ni.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo ránṣẹ́ pe Cecilia ní Amuro, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó sì dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ tán, ó lọ ń pọn omi sí àgbá, ó ń pọn ọ́n títí ó fi kún tó ń ṣàn sílẹ̀, kò sì mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi wọ inú Triumph. Cecilia ló mú tapólì lọ bò ó.

Àìkú, 2 oṣù kẹta

Cecilia ló ní kí n lọ. Ó ní Àǹtí Rónkẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ kí òun tó gbọ́, pé mo ti ṣe é lódì, kí n lọ tún un ṣe.

Nígbà tí mo dé Ìyàrá, Àǹtí Rónkẹ́ ń bó ẹ̀gúsí nínú fàráńdà. Mi ò jókòó sórí àga. Mo dọ̀bálẹ̀, mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, Baba kọ́. Èmi ni mo rọ epo jáàkì sí bíréèkì yẹn. Baba tún un ṣe lẹ́yìn tí Philip kú, kí ẹ lè rò pé òun ni." Mo sọ bí Testimony ṣe rí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Kò sí ohun tí mo yọ kúrò.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní lọ́dọọdún, ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú Kérésìmesì, baba mi máa ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Kàbà. Á dúró lábẹ́ igi kajú níwájú ilé, á ṣí fìlà, á kí òun bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa pé, "Okun o, ọmọ mi." Òun á wà lójú fèrèsé, òun á máa wò ó. Òun kò dá a lóhùn rí. Á dúró díẹ̀, á dé fìlà, á padà. Ọdún méjìlélógún ni. Ní ọdún tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ kò gbé e dúró mọ́, ó jókòó sórí ilẹ̀ kó tó kí òun. Òun pa fèrèsé dé.

Mi ò mọ̀ ọ́n. Oko ló máa ń sọ fún wa pé òun ń lọ. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí a kò bá dá okun rẹ̀ lóhùn, a ti kà á mọ́ òkú. Àǹtí Rónkẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi dá a lóhùn.

Àǹtí Rónkẹ́ wò mí nílẹ̀ níbi tí mo wà. Ó ní, "O wà láyé. O ń jẹun, o ń sùn, o sì jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ."

Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ.

Ìṣẹ́gun, 4

Mi ò lè jẹun. Testimony wá bi mí bóyá kí òun wá ẹni tó máa ra irin náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Àìkú, 9

Lẹ́yìn ìsìn, a rí tasí kan lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Àǹtí Rónkẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun. Mo sáré lọ láti dì í mú kó lè sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì. Cecilia ló dì í mú. Cecilia ló bi léèrè pé níbo ni wọ́n sin Baba sí.

Ẹ̀gbẹ́ ilé ni, lẹ́yìn ibi tí Triumph wà. Ó kọjá lára ọkọ̀ náà, kò wò ó. Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbà, ó jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè gbọ́.

"Okun o, Baba Philip."

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ẹlòmíràn láyè láti dé fìlà rẹ̀. Ó tún wí i. Ó tún dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó yé mi ohun tó ń ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kan. Cecilia ti ń sunkún. Ìgbà méjìlélógún ló dá a lóhùn, kó tó na ọwọ́ sí Cecilia pé kó fa òun dìde.

Mo sáré lọ dúró lẹ́nu géètì, níbi tí kò ti lè kọjá láì rí mi. Mo ṣí fìlà. Mo ní, "Okun o, Àǹtí Rónkẹ́."

Ó wò mí dáadáa. Ó wọ ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Tí ó bá di Àbámẹ́ta, n óò lọ sí Ìyàrá. Ẹsẹ̀ ni n óò fi rìn.